Ibi Tó Ṣófo Jù Lọ Nínú Afẹ́fẹ́

Ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́, ojú rẹ̀ kì í sinmi, etí rẹ̀ kì í sùn. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ń nu àtẹ̀gùn lọ́wọ́ nígbà tó rí ọkọ̀ funfun kan tó yà wọ inú ọgbà. Irin gígùn méjì ló yọrí lórí ọkọ̀ náà bí ìwo ìgbín. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ dúró. Omi ń kán tótó láti ara aṣọ ìnulẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn méjì bọ́ sílẹ̀: obìnrin gíga kan tó fi kọ̀ǹpútà há abíyá, àti ọkùnrin onígíláàsì kan tó gbé àpótí bí ẹni gbé ẹyin. Obìnrin náà kò wo géètì, kò wo ilé. Òkè ló gbójú sí, bí ẹni tó ń wá ojúlùmọ̀ rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fọwọ́ kan igbáàyà rẹ̀, níbi tí nǹkan kan wà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Òun ló ń tọ́jú ilé alájà mẹ́fà náà. Òun ló ń ṣí i láàárọ̀, tó ń tì í nírọ̀lẹ́, tó ń pààrọ̀ gílóòbù tó bá jó. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá ló so mọ́ ìbàdí, wọ́n á máa dún wóróworo bó bá ń rìn, débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì máa ń sọ pé bí bàbá yìí bá fẹ́ jalè, àfi kó kọ́kọ́ bọ́ ṣòkòtò. Wáyà tín-ín-rín kan sì gba abẹ́ kọ́là rẹ̀ lọ sí etí òsì. Ẹ̀rọ adití ni gbogbo ilé pè é. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè, òun náà kò sì já wọn nírọ́. Wọ́n á kàn máa pariwo lé e lórí láràárọ̀: "BÀBÁ KỌ́KỌ́RỌ́, Ẹ KÁÀÁRỌ̀ O!" Òun á mi orí, á fọwọ́ bo etí, nítorí ariwo wọn ń dùn ún nítòótọ́. Nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tí etí rẹ̀ mú tó tirẹ̀.

Rédíò ọlọ́wọ́ ló wà láyà rẹ̀, wọkitọki tí àwọn ọlọ́dẹ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Méjì ni wọ́n. Ìkejì wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, nínú yàrá tí àwọn méjèèjì ń gbé ní òpópónà ẹ̀yìn ilé náà. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti ṣe ọlọ́dẹ rí. Ọ̀gá tó ni iléeṣẹ́ ọlọ́dẹ náà kú, iléeṣẹ́ kú tẹ̀ lé e, kálukú bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì padà wá béèrè rédíò. Ṣùgbọ́n ohùn rédíò kì í kàn gba inú afẹ́fẹ́ bó ṣe wù ú. Ó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tí ìjọba fún. Iléeṣẹ́ tó kú náà ni wọ́n fún ní èyí. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kò kàwé jìnnà, àmọ́ ó mọ ìyẹn. Àga òkú ni òun àti ìyá rẹ̀ jókòó lé.

Ṣé kò lè ra fóònù fún ìyá rẹ̀ ni? Ó rà á. Ṣùgbọ́n ojú màmá ti ń ṣe bàìbàì, ìka rẹ̀ ti le bí igi, fóònù ayé ìsinsìnyí sì rí pẹlẹbẹ, ó ń yọ̀, kò ní bọ́tìnnì téèyàn lè fọwọ́ wá. Màmá ń pe àwọn tí kò mọ̀ rí. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń sọ pé nọ́ńbà náà kò sí. Màmá kí i. Ó béèrè àwọn ọmọ. Obìnrin náà kò dáhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tẹnu mọ́. "Irú ẹ̀kọ́ ilé wo nìyí?" ni màmá wí, ó sì sọ fóònù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Rédíò ní tirẹ̀ ní bọ́tìnnì kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tóbi bí èékánná àtàǹpàkò.

Kí rédíò tó dé, màmá ti ṣubú rí láàárín bẹ́ẹ̀dì àti balùwẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà nílẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi tibi iṣẹ́ dé. Látìgbà náà ni wọ́n ti dá ọgbọ́n kan. Bí màmá bá fẹ́ dìde, á tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì: kẹ́-kẹ́. Bó bá ti padà jókòó, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan: kẹ́. Ọmọ á fi ẹyọ kan dá a lóhùn. Láàárín kẹ́-kẹ́ àti kẹ́ yẹn, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kì í mí dáadáa.

"Màámi, ẹ má sọ̀rọ̀ sí i o," ló ti kìlọ̀ fún un. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ yọwọ́ wéré, bí ẹni fọwọ́ kan iná."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n lè gbọ́ wa."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń gbọ́."

"Àwọn tó ń gbọ́," ni màmá wí. "Wọn ò kúkú níṣẹ́ ṣe."

Nísinsìnyí, àwọn tó ń gbọ́ ti dé.

"BÀBÁ KỌ́KỌ́RỌ́!" Máníjà ilé náà ló ń ké láti ìsàlẹ̀. "Ẹ wá ṣílẹ̀kùn òrùlé fún Ẹ̀ńjínnìà! Wọ́n ń wá ibi tó ṣófo!"

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ní kò sí yàrá tó ṣófo o, gbogbo rẹ̀ ló ní ayálégbé.

"Nínú afẹ́fẹ́ ni, Bàbá! AFẸ́FẸ́!"

Ó kó wọn gòkè. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló dán wò lẹ́nu ilẹ̀kùn òrùlé kó tó mú èyí tó ṣí i, bẹ́ẹ̀ àfọ́jú tó bá ń bá a ṣiṣẹ́ á ti mú un. Onígíláàsì gbé àpótí kalẹ̀, ó so irin mọ́ ọn, ó so wáyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ńjínnìà, obìnrin gíga náà, kò pariwo mọ́ Bàbá Kọ́kọ́rọ́ bíi tàwọn yòókù. Jẹ́jẹ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń wò ó bó ti ń dáhùn. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló béèrè, "kí ni nǹkan yìí fẹ́ ṣe?"

"Ṣé ẹ mọ̀ pé íńtánẹ́ẹ̀tì àdúgbò yìí ń wọ́ nílẹ̀ bí ejò tó jẹun yó?"

"Wọ́n ń sọ ọ́."

"Ojú ọ̀nà ló fún. Ẹ fojú inú wo yàrá kan tó kún fún àga, Bàbá. Wọ́n ti kọ orúkọ sára gbogbo àga tán. Àwọn tí kò ní àga kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá yọjú wo inú yàrá, àga tí ò sẹ́nìkan lórí ẹ̀ ló pọ̀ jù. Àwọn olórúkọ ò wá. Ẹ̀rọ wa máa tẹ́tí sí àga kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ṣófo, á jókòó síbẹ̀. Bí olóhun bá dé, á dìde fún un kíá, á lọ bá òmíràn."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wo àpótí náà. "Báwo lá ṣe mọ̀ pé olóhun dé?"

"Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í gbọ́ ti ẹlòmíràn, àbí? Torí náà, á máa sọ̀rọ̀, á dákẹ́ díẹ̀, á tẹ́tí, á tún máa sọ ọ́ lọ."

"Bí olóhun ò bá pariwo ńkọ́?"

Onígíláàsì ló dáhùn láìgbójú sókè. "Ẹni tó wà nílé tí ò wúkọ́, òun ló fẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín rẹ̀ nìkan ló rín in.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè láìsí ìdí. Ó nu àtẹ̀gùn tó ti nù tẹ́lẹ̀. Bí òun àti ìyá rẹ̀ bá ń tẹ rédíò, ẹ̀rọ á gbọ́ wọn, wọ́n á ní ta nìyí tó ń jókòó sórí àga olóògbé, iṣẹ́ á bọ́, bóyá àtìmọ́lé ló tún kù. Bí wọ́n bá sì dákẹ́, ẹ̀rọ á ní kò sẹ́nìkan níbẹ̀, á jókòó lé wọn lórí. Ìbẹ̀rù èwo ló kọ́kọ́ dé etí rẹ̀? Ti ọlọ́pàá ni. Òun náà ló sì gbọ́ràn sí lẹ́nu.

"Màámi," ló wí nígbà tó délé, "ẹ tún dín títẹ̀ náà kù sí i. Kó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ó ti yá tó báyìí, ọkọ mi. Èmi gan-an ò mọ̀gbà tí mo tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ jẹ́ kó yá sí i."

"Ṣé kí n má kúkú tẹ̀ ẹ́ mọ́, kí n máa rò ó lọ́kàn?"

Ṣùgbọ́n ó gbọ́ tọmọ rẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹ̀rọ fi wà lórí òrùlé tó ń tẹ́tí láti ojú ọ̀nà kan dé òmíràn, kẹ́-kẹ́ màmá sì ń já bọ́ láàárín bí ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo tí ò lè tu eruku. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ń gbé omi lọ fún wọn lókè, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo kọ̀ǹpútà. Ó rí ìlà àwọ̀ oríṣiríṣi níbẹ̀, pupa, àwọ̀ osàn, wọ́n ń rọ́ wálẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Láàárín wọn, àyè kan wà tó dúdú kirimú, tí àwọ̀ kankan ò kàn án. Ó wo nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fi bébà lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rédíò tó wà láyà rẹ̀ ni.

"Eléyìí ló mọ́ jù," ni Ẹ̀ńjínnìà wí, inú rẹ̀ dùn. "Ibi tó ṣófo jù lọ nìyí. Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò."

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu Bàbá Kọ́kọ́rọ́. Ó kan eyín, ó padà. Wọ́n ti fi ara pamọ́ dáadáa débi pé àwọn ni wọ́n ṣófo jù nínú gbogbo afẹ́fẹ́ ìlú.

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn àlejò tó fẹ́ wo ẹ̀rọ náà dé pẹ̀lú kóòtù, bàtà wọn ń dán. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ń nu gíláàsì ẹnu ọ̀nà nígbà tí rédíò ta kẹ́-kẹ́ sí i létí. Màmá ti dìde. Ó tẹ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti inú ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń dúró de kẹ́ ìjókòó.

Dípò kẹ́, òjò ló bẹ̀rẹ̀. Ṣṣṣṣ, nínú etí rẹ̀, bí òjò lórí páànù. Lókè, ẹ̀rọ ti jókòó.

Ó rọra tẹ bọ́tìnnì. Òjò. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Òjò náà ni. Ó nu ojú kan náà lára gíláàsì títí ó fi ń dún fín-ín. Bóyá màmá ti jókòó tipẹ́. Bóyá ó ti tẹ̀ ẹ́ tí ìró rẹ̀ rì. Bóyá kò tẹ̀ ẹ́. Bóyá ó wà nílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti balùwẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ń wá bọ́tìnnì lórí símẹ́ńtì. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sọ aṣọ nù, ó forí lé géètì.

"BÀBÁ! NÍBO?" Máníjà ló fò síwájú rẹ̀. "Ìbàdí yín ni kọ́kọ́rọ́ òrùlé wà! Ṣé kí àwọn àlejò gba ojú fèrèsé gòkè ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ilé ni mo fẹ́…"

"ILÉ? Lónìí?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ lọ síwájú, ara rẹ̀ padà. Ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe fún èèyàn nìyẹn, á mú un gbọ́ràn sí ẹni tó sún mọ́ ọn jù. Ó gòkè. Ó ṣílẹ̀kùn. Àwọn àlejò tò yí kọ̀ǹpútà ká, Ẹ̀ńjínnìà ń ṣàlàyé, Onígíláàsì ń fi àwòrán orí íńtánẹ́ẹ̀tì hàn wọ́n tó ń sáré wọlé láìdúró. Ọ̀gá àgbà kan ní, "Ó yá o! Ó yá jọjọ!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Létí Bàbá Kọ́kọ́rọ́, òjò ń rọ̀, kò dá.

Ó sún mọ́ Ẹ̀ńjínnìà. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé nǹkan yìí lè dìde díẹ̀?"

"Bàbá, ó di ẹ̀yìn tá a bá parí." Àmọ́ ó wò ó lójú, ó sì wò ó pẹ́.

Bí olóhun bá dé, á dìde. Ẹni tí ò wúkọ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ń yí lórí rẹ̀ bí ẹyọ kọ́kọ́rọ́ méjì tí wọ́n so pọ̀. Ó ki ọwọ́ bọ ṣẹ́ẹ̀tì. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì kan já, ó yí lọ sábẹ́ bàtà ọ̀gá àgbà. Ó fa rédíò yọ lójú gbogbo wọn, wáyà etí já kúrò lára rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, kò yọwọ́. Ó la ẹnu. Ó bá wúkọ́. Ó wúkọ́ bí ẹni tó wọ ilé onílé lọ́sàn-án, ó tún wúkọ́, ó tẹ bọ́tìnnì mọ́ ibẹ̀ títí èékánná rẹ̀ fi funfun.

Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà pupa kan là nínú àyè dúdú náà.

"Ó ti dìde!" ni Onígíláàsì kígbe. "Ẹnìkan wọlé! Ẹ wò ó, ó ti dìde fún un, ó ti bọ́ sójú ọ̀nà mìíràn!"

Àwòrán ń bá a lọ láìdúró. Ọ̀gá àgbà rò pé ara eré ni, ó tún pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i bó ṣe mọ̀wà hù!"

"Bàbá Kọ́kọ́rọ́," ni Máníjà wí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láì pariwo, "ẹ ò dití?"

"Mi ò dití rí, sà."

Ó yọwọ́ lórí bọ́tìnnì. Òjò ti dá. Lẹ́yìn náà ni rédíò, tí kò ní wáyà etí lára mọ́, bú jáde lójú gbogbo èrò:

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ṣì wà láyé?"

"Màámi! Ṣé ẹ ṣubú?"

"Ta ló ṣubú? Mo ti jókòó tipẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, o ò dáhùn. Mo tún tẹ̀ ẹ́, òjò ló ń rọ̀ nínú nǹkan yìí. Mo ní àbí ìwọ lo ṣubú níbi àtẹ̀gùn tó ò ń bá jìjàkadì lójoojúmọ́. Mo bá wọ bàtà."

"Bàtà kẹ̀? Níbo lẹ wà?"

"Mò ń bọ̀ wá wò ọ́. Ògiri wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi."

"Kí lẹ ń gbọ́ níwájú yín?"

"Ọkọ̀. Wọ́n pọ̀. Wọ́n ń sáré bí ẹni tílé ẹ̀ ń jó."

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ dé etí òrùlé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti kúrò lójú kan. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Ó rí i: obìnrin kékeré kan nínú aṣọ aláwọ̀ omi aró, ọwọ́ kan lára ògiri, ọwọ́ kejì gbé rédíò sẹ́nu. Ògiri ti parí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lójú títì.

"Ẹ fẹsẹ̀ yẹn padà, Màámi. Ẹsẹ̀ òsì. Ẹ fà á padà."

"O rí mi?"

"Mo rí yín. Ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ jókòó."

"Sórí kí ni?"

"Sórí ilẹ̀."

"Aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ni mo wọ̀ o."

"Màámi, ẹ dákun, ẹ jókòó!"

Ọ̀gá àgbà pàápàá ti wá sétí òrùlé, ó di irin mú. Wọ́n ń wo bí obìnrin náà ti rọra ń sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, bí ọkọ̀ ńlá kan ti kọjá níwájú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbé etí aṣọ rẹ̀ sókè. Rédíò ta.

Kẹ́.

"Ẹ lọ, Bàbá," ni Ẹ̀ńjínnìà wí. "Àmọ́ ẹ má dákẹ́ o. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, ẹ̀rọ á tún rò pé ẹ ti lọ."

Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó ń wúkọ́ sínú rédíò láti àjà kan dé èkejì, kọ́kọ́rọ́ ń dún nídìí rẹ̀ bí ṣaworo ẹṣin tó já.

Nígbà tó mú màmá dé, ó fi í jókòó sórí àga ẹnu ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń fi àlejò jókòó sí. Màmá ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Ẹ̀ńjínnìà sọ̀kalẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀ kí màmá, ó sì yíjú sí ọmọ.

"Ta ló ni ojú ọ̀nà yẹn, Bàbá?"

"Iléeṣẹ́ kan tó ti kú."

"Ṣé ẹ níwèé àṣẹ?"

"Rárá, mà."

"Ẹ̀rọ mi kì í béèrè ìwé. Bó bá ti gbọ́ èèyàn, á dìde. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ béèrè," ni Ẹ̀ńjínnìà wí. "Mo máa ní láti sọ fún ìjọba pé ibẹ̀ ò ṣófo. Wọ́n lè bi mí ta ni. Ojú ọ̀nà kan wà tí ìjọba fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kò gba ìwé. Ẹ kó rédíò méjèèjì wá lọ́la, kí n gbé yín lọ síbẹ̀. Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ o. Ẹ ní láti máa sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó lè dá ara yín mọ̀."

"Ṣé mo lè máa sọ̀rọ̀ sí i báyìí?" ni màmá béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ pọ̀ o," ni màmá wí.

Máníjà kọjá, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní òun á rí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ní ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti mú ìyá rẹ̀ délé, ó ti padà sórí àtẹ̀gùn, ó ń nu ohun tó ti mọ́. Gbogbo ìró bàtà ló ń mú un gbójú sókè. Rédíò wà lórí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ báyìí, ní gbangba, kò ní wáyà.

"Mo ti dìde o," ni màmá wí nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì kún gbogbo àtẹ̀gùn láti òkè délẹ̀. "Omi ni mo fẹ́ bù. Mo ti dé ìdí tábìlì. Ta ló gbé àga yìí síbí? Mo ti yà á. Mo ti rí ife…"

Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Máníjà ṣí lókè. Bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, kò, kò, kò. Ọwọ́ Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti ń lọ síbi tí wọ́n ti ń dín ohùn rédíò kù. Ó dúró. Ó gbé ọwọ́ náà kúrò níbẹ̀, ó fi í tẹ bọ́tìnnì, ó sì wúkọ́.

"Mo ń gbọ́ yín, Màámi," ló wí. "Ẹ máa sọ ọ́ lọ títí ẹ ó fi jókòó."